Àwọn Irinṣẹ́ Tí Mo Fura Sí

Ajé, 4/8

A ti sọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àbúrò mi obìnrin kalẹ̀ lónìí. Ó wà nínú yàrá ìta báyìí, lórí táyà ògbólógbòó kan, òróró dúdú ń kán láti ara ẹ̀ sórí páálí. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Ó ti sunkún ẹ̀ tán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ bí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kó sínú ẹ̀ wá ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Kò tíì pẹ́ tí Ọ̀gá Kíákíá tún ẹ́ńjìnì náà ṣe. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, kíákíá náà ló sì ṣe é. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń tò ó. Kò wọn nǹkan kan. Ó di kiráńkì, ọ̀pá irin tí ń yí nínú ẹ́ńjìnì, mú, ó mì ín, ó gbé etí sí i, ó ní, "Ó ti jókòó." Ó jókòó lóòótọ́. Orí owó àbúrò mi ló jókòó sí.

Ni mo bá la ẹnu mi, mo ní èmi ni màá tò ó. Ta ló bi mí? Bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi látọjọ́ tí mo ti mọ sípánà. Mo ti ran àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́ nídìí ẹ́ńjìnì, mo ti gbé iná dání, mo ti fọ bóòtù, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọwọ́ ara mi to ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè rí. Àmọ́ ta ni ká tún gbé e fún? Mo ka gbogbo mẹkáníìkì tí mo mọ̀ lọ́kàn, kò sí ẹyọ kan tí ara ò fu mí sí.

Ilé-ìwé á wọlé ní 15/9. Màdáámù ilé-ìwé ti là á mọ́lẹ̀ fún àbúrò mi: bí ọkọ̀ bá wà lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ṣì ní iṣẹ́. Bí kò bá sí, ẹlòmíì ni yóò máa kó àwọn ọmọ. Kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 5/8

Mo rò ó títí. Kíákíá kò ní irinṣẹ́ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní ìgboyà. Èmi kò ní irinṣẹ́, n kò sì ní ìgboyà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ra ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọjọ́rú, 6/8

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onípánà, ẹni tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù lábẹ́ páànù. Máíkírómítà méjì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ohun tó tín-ín-rín, ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ń dán nínú ike pupa. Èkejì ti gbó, inú àpótí igi ló wà, ẹnì kan sì ti fi irin gbígbóná kọ lẹ́tà méjì sí ìdérí àpótí náà.

Mo pa ẹnu tuntun dé, àmì òdo ẹ̀ kò bá ìlà mu. Ìyá ní, "Ẹ yí i díẹ̀, á bọ́ sí i." Ohun tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yí i díẹ̀ á bọ́ sí i, mo ti rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ Kíákíá. Mo gbé ti àtijọ́. Mo pa á dé, òdo bọ́ sórí ìlà. Mo ṣí i, mo tún pa á dé. Mo fa irun orí mi kan tu, mo fi há a lẹ́nu: ó ka àmì mẹ́fà. Mo fa òmíràn: àmì mẹ́fà. Mo wá gbé e sí imú.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Mo ń wò ó bóyá omi ti wọ inú ẹ̀ rí."

"Imú lẹ fi ń wò ó?"

"Níbo lẹ ti rí i, Ìyá?"

"Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Kí ló dé tó fi tà á?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni? Ẹ fi irun sílẹ̀ lórí o. Oníwádìí."

Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ló pè é, mo san méjìlélógún. Mo ti dé ilé kí n tó rántí pé Ìyá kò bá mi jà sí owó náà rárá. Kí ló dé tí kò jà?

Ọjọ́bọ̀, 7/8

Òjò. Mo kó irinṣẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nítorí ìpẹtà. Ìyàwó mi béèrè ibi tí òun yóò kó aṣọ òun sí.

Àbámẹ́ta, 9/8

Mo ra sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí bóòtù ṣe le tó. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń ta kẹ́ẹ́ nígbà tó bá le dé ibi tí wọ́n dá a sí, òmíràn ní abẹ́rẹ́ tí ń rìn lórí ìlà. Ẹni tí ń tà á yin èyí tó ń ta kẹ́ẹ́. Àmọ́ ta ló sọ fún un pé ó ti tó? Inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń pinnu. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ níwájú ẹni. Òun ni mo mú.

Síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́ lójú lásán. Mo fi fáìsì há orí ẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, mo wọn bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun, kílò mẹ́wàá gééré, mo wá so ó mọ́ ọwọ́ sípánà níbi tó jìnnà tó ìdajì mítà. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ka márùn-ún. Ó ka márùn-ún. Inú mi dùn, mo sì jókòó lé àga. Kò pẹ́ ni mo tún dìde.

"Ṣé òṣùwọ̀n yìí péye ṣá?"

Ìyàwó mi wà nídìí ààrò, ó ń kó búrẹ́dì jáde. Kò tilẹ̀ yíjú. "Òṣùwọ̀n tó ń bọ́ yín látọjọ́ yìí lẹ wá ń fura sí. Ẹ gun orí ẹ̀ kẹ́ ẹ wọn ara yín wò. Tó bá sọ òótọ́, ẹ ò ní fẹ́ràn ẹ̀."

Ajé, 11/8

A gbé kiráńkì àti búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ilé irin tí kiráńkì ń gbé, lọ sọ́dọ̀ Agbẹ́rin, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Kíákíá ti jẹ́ kí kiráńkì náà họ ara ẹ̀ mọ́ mẹ́tàlì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí ìlàjì òrùka tí ó ń yí láàárín wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó di dandan kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó lè dán padà. Gbogbo ènìyàn ní kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ léèdì bí ọkùnrin yìí. Gbogbo ènìyàn náà ló ní kí àbúrò mi gbé e fún Kíákíá nígbà náà lọ́hùn-ún.

Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́, wọ́n ní láti ìgbà náà ló ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi bá mi lọ, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan òun lọ. Bí Agbẹ́rin ṣe rí i, ó yọ aṣọ tó mọ́ nínú àpò, ó nu àpótí ìjókòó kan fún un. Èmi wà lórí ìdúró pẹ̀lú kiráńkì lápá.

"Mẹ́tàlì dà, Ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n. Irun ẹ̀ funfun ju tèmi lọ.

"Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kiráńkì ná. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, màá ra mẹ́tàlì tó bá a mu."

"Rárá. Ẹ kó mẹ́tàlì wá kí n tó fi nǹkan kàn án. Wọ́n lè kọ nọ́ńbà sára páálí kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn ló wà nínú ẹ̀."

Ọkùnrin tó ń fura sí páálí. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ pé mo rí ẹnìkejì mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó fẹ́ kí ojúlówó mẹ́tàlì tẹ òun lọ́wọ́ kó lè fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, àbúrò mi ní, "Ó dà bí èèyàn jẹ́jẹ́." Mo ní Kíákíá náà kò pariwo.

Ọjọ́rú, 13/8

Mo rí ojúlówó mẹ́tàlì rà, wọ́n di í pa nínú ọ̀rá. Òun nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù náà ní ìwọ̀n yẹn. Ó wọ́n bí ojú.

Mo wá ti ìlẹ̀kùn, mo kó wọn jáde, márùn-ún tó ní ihò òróró, márùn-ún tí kò ní. Tí mo bá sàmì sí àwọn tó ní ihò, yóò rí i, nítorí àwọn lojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Mo dojú àwọn tí kò ní ihò bolẹ̀. Mo mú irin ẹnu ṣóńṣó tí a fi ń sàmì sójú irin ká tó lu ihò, mo gbé e sí àárín gbùngbùn ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan, mo fi òòlù kàn án. Àmì bíńtín. Bí Agbẹ́rin bá pààrọ̀ ẹyọ kan, màá mọ̀. Bí ó bá sọ pé òun kò pààrọ̀ ẹ̀, màá yí i sẹ́yìn níwájú gbogbo ènìyàn.

Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi pè láti ìta: "Ta lẹ ń bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ bá mi kí i o."

Ọjọ́bọ̀, 14/8

Mo kó mẹ́tàlì dé ọ̀dọ̀ Agbẹ́rin. Ó mú ẹyọ kan tó ní ihò, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ó dáa." Ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó sì gbé gbogbo ẹ̀ fún mi pé kí n máa kó wọn lọ sílé. N kò mọ ohun tó yẹ kí n rò. Àmì mi ṣòfò.

Àìkú, 17/8

Àbúrò mi ní òun pe Agbẹ́rin lórí fóònù láti béèrè kiráńkì. Ọ̀rọ̀ kiráńkì náà gùn títí fóònù fi gbóná.

Ọjọ́rú, 20/8

Mo gba kiráńkì àti búlọ́ọ̀kù. Ó fi òróró pa kiráńkì, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ojú ẹ̀ ń dán, mo rí irùngbọ̀n ara mi nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹyọ ọ̀dà funfun kan ní ìdí ẹ̀, tó ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì.

"Kí lèyí?"

"Tèmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo wo ọ̀dà náà títí mo fi dé ilé. Kí ni yóò máa fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀? Mo fi èékánná họ etí ẹ̀ díẹ̀, irin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Mo jáwọ́.

Àbámẹ́ta, 23/8

Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń wọn nǹkan. Mo máa ń gbé kiráńkì àti máíkírómítà sínú yàrá kan náà di ọjọ́ kejì kí ooru ara wọn lè dọ́gba. Mo wọn kiráńkì àti etí àwọn mẹ́tàlì láàárọ̀, mo tún wọ̀n wọ́n lọ́sàn-án. Mo fi iye wọn kún ara wọn, mo yọ wọ́n kúrò lára wọn bí a ṣe kọ́ wa ní kíláàsì kẹta. Àlàfo àmì mẹ́rin ni yóò wà láàárín kiráńkì àti mẹ́tàlì fún òróró láti máa gbà kọjá. Mẹ́rin náà ni ìwé ọkọ̀ ní kó jẹ́. Mo gbé ìṣirò náà fún ọmọbìnrin mi láti tún un ṣe láìsọ ìdáhùn fún un. Mẹ́rin.

Ó péye jù. N kò fẹ́ràn ohun tó péye tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 28/8

Kiráńkì kò yí.

Mo to mẹ́tàlì sí àyè wọn, mo fi òróró pa wọ́n, mo gbé kiráńkì lé wọn, mo dé ìdérí márààrún. Mo fi sípánà tọ́ọ̀kì fún bóòtù wọn díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìwé ṣe wí. Kí n tó fún un tán, ó ń yí bí àgbá nínú omi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ibi tó yẹ, ó dúró gbagidi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, gbogbo ẹ́ńjìnì gbéra nílẹ̀ bá mi. Mo tú bóòtù, ó yí. Mo fún un, kò yí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi gbé omi wá fún mi, ó wo ojú mi, ó padà sídìí ààrò.

Ẹtì, 29/8

Ìyẹ̀fun ni. Ojoojúmọ́ ni ìyẹ̀fun ìyàwó mi ń fò káàkiri ilé. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bo ẹnu ọ̀nà, mo tún un tò. Kò yí.

"Ṣé mo lè máa yan búrẹ́dì mi báyìí?" ni ìyàwó mi wí láti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. "Àbí ẹ ṣì ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìyẹ̀fun?"

Àbámẹ́ta, 30/8

Mo tún so bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ sípánà tọ́ọ̀kì. Márùn-ún gééré. Sípánà bọ́ nínú ẹ̀sùn.

Ajé, 1/9

Ó ku máíkírómítà. Mo gbé e padà lọ bá Ìyá Onípánà.

"Oníwádìí, ta lẹ tún mú?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni nǹkan yìí tẹ́lẹ̀?"

"Agbẹ́rin ni. Ti ọ̀gá ẹ̀ tó kú ni, ọ̀gá náà ló kọ lẹ́tà orúkọ ẹ̀ sí àpótí. Agbẹ́rin ti ra tuntun, ló bá kó èyí wá fún mi. Ṣé ẹ ò mọ Agbẹ́rin ni?"

Ẹni tó gbẹ́ kiráńkì ló ni ohun tí mo fi wọn kiráńkì. Abájọ tí wọ́n fi bá ara wọn mu. Abájọ tí ó fi péye jù. Bí ohun ìwọ̀n náà bá ń purọ́ àmì méjì, ọwọ́ Agbẹ́rin ti mọ́ ọn, irọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń pa. N kò tilẹ̀ rántí kí Ìyá pé ó dàárọ̀.

Ìṣẹ́gun, 2/9

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ó wù mí kí n kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Mo bá a láàárín àwọn oníbàárà. Mo gbé àpótí igi náà kalẹ̀ níwájú ẹ̀.

"Ẹ mọ èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ti ọ̀gá mi ni."

"Ẹ gbẹ́ kiráńkì mi bó ṣe wù yín, ẹ wá tún ta ohun tí màá fi wọ̀n ọ́n."

"Èmi kọ́ ni mo tà á fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ yé pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Inú ìyá wo ni mo ti ṣíwájú yín wáyé?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Àgbà ń bẹ lára, kò sí lórí." Ìyẹn bí mi nínú. Mo sọ pé mo mọ ìdí tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń wá obìnrin kò gbọ́dọ̀ fi ẹ́ńjìnì obìnrin náà ṣe ọ̀nà, kó máa bà á jẹ́ kí ó lè máa rí i lójoojúmọ́.

Ó pa ẹ̀rọ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé ẹ́ńjìnì náà wá kí n wò ó."

"Kí ẹ lè rí ibi tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀rí pamọ́ sí?"

Ìgbà tí mo yíjú láti máa lọ ni mo rí àbúrò mi lẹ́yìn mi. Ó gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò dání. Kò wò mí. Ó gbé abọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," fún un, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná.

Ọjọ́rú, 3/9

Kò gbé fóònù mi. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá di Sátidé tí kiráńkì ò yí, màá lọ sọ fún Màdáámù kó wá ẹlòmíì. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ kí n má dé."

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú nínú. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ìbínú lọ.

Ẹtì, 5/9

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí òpin ìlú kejì, sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò mọ Agbẹ́rin, tí kò mọ Ìyá Onípánà, mo sì bi í léèrè kí ó dá mi lójú. Mo ra okùn ìda. Ó rí bí òwú ìránṣọ. Wọ́n á gé e lé orí kiráńkì, wọ́n á dé ìdérí lé e, wọ́n á fún bóòtù le, wọ́n á sì tún tú u. Bí àlàfo bá ṣe kéré tó ni okùn yóò ṣe tẹ́ tó. Kò ní òdo tí wọ́n lè yí, kò ní ọ̀gá tó kú. Ẹlẹ́rìí tí n kò ní àríwísí sí.

Ọ̀sán ni mo ṣe é, ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Mo tú ìdérí àkọ́kọ́. Ní etí méjèèjì, okùn náà tẹ́ bó ṣe yẹ: àmì mẹ́rin, bí máíkírómítà ṣe wí, bí Agbẹ́rin ṣe gbẹ́ ẹ. Ní àárín, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo tú ìkejì. Etí dáa, àárín fẹ̀. Ìkẹta. Gbogbo márààrún, ibì kan náà.

Kí ni ó lè wà ní àárín gbùngbùn gbogbo wọn? Mo yọ mẹ́tàlì kan kúrò nínú ìdérí, mo fi ìka nù ún, ìka mi gun orí nǹkan kan tó wú bíńtín. Mo yí i sẹ́yìn.

Àmì mi ni.

Irin ẹnu ṣóńṣó tí mo fi lù wọ́n ló ti ibẹ̀ wọ̀ sínú, ó sì ti ojú kejì wú jáde. Mẹ́tàlì kò nípọn ju èékánná lọ, mo sì fi òòlù lù ú bí ẹni tí ń lu bíréèkì. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò, kí n má purọ́, ni pé kò sí ẹni tó rí mi. Mo lè ra òmíràn, kí n tò ó, kí n ní mo tún un wọ̀n ni. Mo jáde, mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Kò sí ní ìwọ̀n yẹn. Ẹni kẹta ní, "Tí kò bá sí lọ́wọ́ wa, ẹ bi Agbẹ́rin, òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i."

Mo sọ fún ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn mí. Ó ní, "Ọ̀la lẹ máa lọ. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ mú búrẹ́dì."

Àbámẹ́ta, 6/9

Mo mú mẹ́tàlì márùn-ún àti búrẹ́dì méjì. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀ ṣíwájú mi, ó jókòó lórí àpótí tí wọ́n nù fún un lọ́jọ́sí. Ó ti múra, ó fẹ́ gba ọ̀dọ̀ Màdáámù lọ láti ibẹ̀. Mo kó mẹ́tàlì sílẹ̀, ẹ̀yìn sókè. Agbẹ́rin gbé ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló lu èyí?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ má baà pààrọ̀ wọn."

Ó yí i, ó wò ó, ó tún un yí. "Ṣebí ọjọ́ yẹn náà ni mo dá wọn padà fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ti lù wọ́n ná."

"Mo ti lù wọ́n."

Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Mo bẹ ọkùnrin náà níwájú ẹ̀, mo bẹ òun náà. N kò ní kọ ohun tí mo sọ, kò dáa tó bó ṣe yẹ kó dáa.

Agbẹ́rin ní, "Ẹ rí ọ̀dà funfun ní ìdí kiráńkì yín?"

"Mo rí i."

"Gbogbo kiráńkì tó bá wọlé síbí ni mo ń fi sí. Ẹnì kan gbé kiráńkì ẹlòmíì wá bá mi rí, ó ní mo ti pààrọ̀ tòun. Láti ìgbà náà n kò gba oníbàárà kankan gbọ́."

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ẹ̀yin gan-an. Mo fi ti yín ṣe méjì." Ó gbé mẹ́tàlì náà kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìdí ni mo fi í sí. Kò sí nǹkan tó ń kan ibẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló tẹ ẹnì kan láago. Mẹ́tàlì wà, ní ìlú tó tẹ̀lé tiwa, lọ́jọ́ Ajé. Àbúrò mi bọ́ aṣọ òde tó fi bo ara, ó tún jókòó. Kò lọ sọ́dọ̀ Màdáámù.

Ajé, 8/9

Wọ́n jọ lọ mú mẹ́tàlì wá. Ọ̀nà tí kò ju wákàtí kan lọ, wọ́n jáde láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Mo la ẹnu láti béèrè. Ìyàwó mi fi búrẹ́dì dí i.

Ọjọ́bọ̀, 11/9

Mo fi okùn ìda wọn gbogbo wọn: ó tẹ́ dọ́gba láti etí dé etí. Mo fún bóòtù. Mo fi ìka méjì ti kiráńkì.

Ó yí. Kò dún rárá. Mo jẹ́ kó dúró, mo tún tì í. Mo pe ìyàwó mi wá láti ìdí ààrò, òun náà fi ìka tó ní ìyẹ̀fun tì í. N kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹ̀fun.

Àbámẹ́ta, 13/9

Agbẹ́rin wá bá wa gbé ẹ́ńjìnì wọ inú ọkọ̀. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ wúkọ́, ó kú. Mo bojú wo Agbẹ́rin, òun náà ti ń bojú wò mí. Ẹ̀rù ẹnì kìíní ń ba ẹnìkejì. Wáyà kan ni mo gbàgbé. A so ó, ó jí, ó sì ń rọra ké bí olóńgbò tó yó.

Mo gbé etí sí i títí. Mo dúró de kọ́-kọ́-kọ́ náà, kò wá.

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ mi. Ó na ìka sí ibi tí Agbẹ́rin ti ń fọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fi àmì sí èyí náà? Kí wọ́n má lọ pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ lù."

"Ẹ fi ọ̀dà kàn án. Ẹ jẹ́ kí òòlù sinmi."

Ajé, 15/9

Mo jí ṣíwájú gbogbo ilé. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà ilé-ìwé níbi tí àbúrò mi kò ti ní rí mi. Ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n tò wọlé, Màdáámù ka orí wọn. Kò sí ọmọ kankan tó pàtẹ́wọ́ sí ariwo ẹ́ńjìnì, nítorí kò ní ariwo.

Mo padà sílé, mo kó irinṣẹ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ti gba àyè aṣọ ẹ̀.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí Agbẹ́rin tó wá bá wa gbé ẹ́ńjìnì wọ inú ọkọ̀, mo mú ọ̀dà funfun, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kàn án sí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn, tó ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì. Mo ti wò ó dáadáa. Kò sí nǹkan tó ń kan ibẹ̀.